Bí Ẹni Tó Dàgbà Sínú Ìjọ Ṣe Lè Yẹ Ara Rẹ̀ Wò Bóyá A Ti Tún Un Bí

Àwọn tó ń wá sí kíláàsì ìrìbọmi tí mo ń kọ́ kì í ṣe kèfèrí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti mọ Sáàmù 23 lórí kí wọ́n tó mọ ìwé kà. Wọ́n ń san ìdámẹ́wàá, wọ́n ń gbààwẹ̀, wọn kì í pa ìsìn jẹ. Irú wọn ni mo kọ èyí fún. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì rí tètè máa ń gbà pé òun nílò Olùgbàlà. Ẹni tó ti ń jókòó síwájú láti kékeré ni ọ̀rọ̀ náà máa ń le fún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Jòhánù orí 3, kí ẹ sì wo ẹni tí Jésù ń bá sọ̀rọ̀ dáadáa. Kì í ṣe olè, kì í ṣe aṣẹ́wó. Nikodémù ni: Farisí, ìjòyè láàárín àwọn Júù, olùkọ́ ní Ísírẹ́lì. Òun ni Jésù sọ fún pé bí a kò bá tún ènìyàn bí, kò lè rí ìjọba Ọlọ́run. Kò ní kó fi ààwẹ̀ kún ààwẹ̀. Nígbà tí Jésù mẹ́nu kan omi àti Ẹ̀mí, ó yẹ kí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ti rántí Ìsíkíẹ́lì 36. Ẹ ṣí i, kí ẹ ka ẹsẹ 25 sí 27 pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí Ọlọ́run ti sọ pé Òun fúnra Òun máa ṣe nǹkan: Òun ló máa wọ́n omi mímọ́, Òun ló máa fúnni ní ọkàn tuntun, Òun ló máa fi Ẹ̀mí Rẹ̀ sínú wa. Pípa òfin mọ́ wà níbẹ̀ náà, ní ẹsẹ 27, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkàn tuntun ló dé. Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbé e síwájú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe fún Ọlọ́run sí apá kan: àdúrà òwúrọ̀, ìdámẹ́wàá, ẹgbẹ́ akọrin, Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ohunkóhun tó bá jẹ́. Ní apá kejì, ẹ dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí mi ò bá ṣe èyí lóṣù yìí, kí ni mo rò pé Ọlọ́run máa fi ojú mi rí? Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀rù ajẹnirun inú Málákì 3 nìkan ló ń mú un san ìdámẹ́wàá, ó ń san owó ààbò ni. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má san. Kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń fi owó náà rà ni mo ń sọ. (Ẹ má fi ìwé yìí han ẹnikẹ́ni o, títí kan olùkọ́ kíláàsì. Bí a bá ti mọ̀ pé ẹlòmíì máa kà á, irọ́ la máa kọ.)

Ìbéèrè tó ń tú àṣírí jù lọ ni èyí: bí ẹ bá ti ṣẹ̀, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe?

Mo bi bàbá kan bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà tó wá jókòó tì wá ní kíláàsì nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bàbá ní, "Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni."

Mo ní, "Kí ni ààwẹ̀ yẹn ń bá yín ṣe, bàbá?"

Wọ́n ronú díẹ̀. "Ó ń jẹ́ kí n tún lè wojú Ọlọ́run."

"Ní ọjọ́ kẹta yẹn, bàbá, ṣé ẹ̀jẹ̀ Jésù lẹ fi ń wojú Rẹ̀ ni, àbí ebi?"

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n bọ́ ìgò ojú wọn, wọ́n ń fi etí agbádá nù ún, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé e padà sójú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n dé kí ọmọ-ọmọ wọn tó dé.

Bí ìdáhùn tiyín bá jọ ti bàbá, Lúùkù 18 ló kàn. Farisí tó wà níbẹ̀ ń gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò sì purọ́. Agbowó òde kò ní nǹkan kan tó lè kà sílẹ̀. Àánú nìkan ló tọrọ, òun ló sì padà sílé ní ẹni tí a dá láre. Ẹ gbàdúrà rẹ̀ ní ẹnu ara yín. Ẹ dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà bó ṣe jẹ́, ẹ má pè é ní àṣìṣe. Ẹ sọ fún Ọlọ́run pé ẹ ti gbára lé èyí àti ìyẹn nínú ìwé yẹn, pé ikú àti àjíǹde Jésù nìkan lẹ fẹ́ gbára lé báyìí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan pàtó tí ẹ gbọ́dọ̀ kà tẹ̀ lé pásítọ̀. Ká sòótọ́, nína ọwọ́ sókè àti jíjáde síwájú náà ti di ààtò fún àwọn kan: gbogbo ìsọjí ni wọ́n ń jáde.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ àti wákàtí da ọkàn yín láàmú. John Wesley, olùdásílẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì, lè dárúkọ tirẹ̀. Ó ti di àlùfáà láti 1728, ó ń gbààwẹ̀ ní Wednesday àti Friday, ó ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, ó tiẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wàásù ní Georgia, kó tó di ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 1738, ní Aldersgate ní London, tó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé Kristi nìkan lòun gbẹ́kẹ̀ lé fún ìgbàlà. Tímótì ńkọ́? Láti ìgbà ọmọdé ló ti mọ Ìwé Mímọ́, Bíbélì kò sì sọ ọjọ́ kankan fún wa. Ìjọ Kátólíìkì àti Áńgílíkà so àtúnbí mọ́ ìrìbọmi. Àwọn Onítẹ̀bọmi ní kí ènìyàn kọ́kọ́ gbàgbọ́. Ibi yòówù kí ẹ wà, ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé lónìí ni kí ẹ wò.

Jòhánù Kìíní ni kí ẹ fi yẹ ara yín wò lẹ́yìn náà. Orí márùn-ún péré ni. Ẹ kà á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi 3:9 dẹ́rù ba ara yín láìka 1:8 mọ́ ọn: ẹni tí a bí láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run kì í fi ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ibùgbé, síbẹ̀ ẹni tó bá ní òun kò lẹ́ṣẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Bí ẹ bá dé 3:14, lórí ìfẹ́ ará, ẹ dúró. Ẹ dárúkọ ẹnì kan nínú ìjọ tí ẹ kì í fẹ́ bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ó ti ń wù yín kí nǹkan dára fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀? Ààwẹ̀ kò lè mú ìyẹn jáde. Mo gbà á ní àmì ju omijé lọ.

Ẹ má torí èyí jáwọ́ nínú ìsìn. Wesley kò jáwọ́. Àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ló jẹ́ títí tó fi kú ní 1791. Ẹ kàn mú ọ̀kan nínú ohun tí ẹ ń ṣe, kí ẹ máa ṣe é ní ìkọ̀kọ̀ bí Mátíù 6 ṣe wí, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń dùn mọ́ yín nígbà tí kò sí ẹni tó ń rí yín.

Ìtìjú ló kù. Ẹni tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ kan tàbí òṣìṣẹ́ pẹpẹ lè máa rò ó pé kí lòun máa sọ fún wọn. Ẹ lọ bá ẹnì kan tó dàgbà nínú ìgbàgbọ́, tẹ́nu rẹ̀ sì dákẹ́, kí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Bó bá gba pé kí ẹ tọrọ àyè fún ìgbà díẹ̀, ẹ tọrọ rẹ̀. Akọrin á kọrin láìsí yín.