Àṣìṣe tá a máa ń ṣe lórí orúkọ àwọn ará Albáníà

Ẹ jẹ́ n fi Dua Lipa, olórin yẹn, bẹ̀rẹ̀, torí àìmọye èèyàn ni mo ti gbọ́ tó ní "àdúà" ni wọ́n sọ ọmọ yẹn. Mo mọ ohun tó fà á, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Kosovo táwọn òbí ẹ̀ ti wá, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ èdè Albáníà, inú èdè Lárúbáwá làwa náà sì ti mú àdúà tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ jàre, èdè Albáníà ni "dua" yẹn, "mo fẹ́ràn" ló túmọ̀ sí, "të dua" ni ọkọ máa ń sọ fún ìyàwó ẹ̀.

Ẹ̀yin Arsenal, tiyín tún wá le jù. 2016 ni Granit Xhaka, táwọn òbí tiẹ̀ náà jẹ́ ará Albáníà láti Kosovo, dé, 2023 ló lọ sí Jámánì, gbogbo ọdún yẹn Sáká, Ṣáká, Háká lẹ ń pariwo níbi tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù. Xh tiwọn, j tiwa yìí náà ni, bẹ́ ẹ ṣe ń pe Jídé ni kẹ́ ẹ pe Jáká. Granit gan-an, akọ òkúta ni. Tí wọ́n bá wá kọ j, y ni kẹ́ ẹ pè é: Jeta di Yẹ́ta, ìyè nìyẹn, tẹ́ ẹ bá fi lule tó jẹ́ òdòdó ṣáájú ẹ̀ ó di Luljeta, òdòdó ìyè. Orúkọ yẹn mà dùn o!

Ẹ má fi gẹ̀ẹ́sì tú u náà. Fatmir ò kan ọ̀rá rárá, fat ni kádàrá, mir ni rere, Olóríire ni wọ́n sọ ọmọ.

Tẹ́ ẹ bá rí Agim níbì kan tẹ́ ẹ tún rí Agimi níbòmíì, ẹ má kọ ọ́ bí èèyàn méjì. Ẹnì kan náà ni, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ìtumọ̀ ẹ̀, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi lẹ́tà "i" yẹn kún un nídìí: "Agimi erdhi", Agim ti dé. Lórí fọ́ọ̀mù, Agim ni kẹ́ ẹ kọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ká máa torí orúkọ sọ pé ẹlẹ́sìn báyìí ni wọ́n. Ní 1967 ìjọba Enver Hoxha, kọ́múníìsì tó ń ṣàkóso Albáníà nígbà yẹn, fòfin de gbogbo ẹ̀sìn, ti Mùsùlùmí, ti Kìrìsìtẹ́nì, nígbà tó di 1975 wọ́n tún pàṣẹ pé kẹ́ni tó bá ń jẹ́ orúkọ ẹ̀sìn lọ pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn kan sọ ọmọ wọn ní Drita, ìmọ́lẹ̀, àwọn míì sọ tiwọn ní Marenglen, orúkọ Marx, Engels àti Lenin, àwọn àgbà kọ́múníìsì, ni wọ́n gé pọ̀. Kí lẹ fẹ́ fi mọ ẹ̀sìn Drita?

Mother Teresa náà ńkọ́, tí gbogbo ayé rò pé Teresa ni wọ́n sọ ọ́ nílé? Anjezë Gonxhe ni, ọmọ Albáníà lòun náà, Skopje tó wà ní North Macedonia lónìí ni wọ́n bí i sí ní 1910. Gọ́njẹ ni kẹ́ ẹ pè é, òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ là.