Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń wá àwọn babańlá tí wọ́n sìnrú ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ń tọpa àwọn tó sìnrú ní Amẹ́ríkà kì í pẹ́ kọlu ọdún 1870. Ọdún yẹn ni ìkànìyàn ìjọba kọ́kọ́ kọ orúkọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sílẹ̀. Ní 1850 àti 1860, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ka àwọn ẹrú. Orúkọ olówó wọn ló wà lókè, ẹrú kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀ nísàlẹ̀: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àwọ̀ ara. Orúkọ wọn kì í sábà sí níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí “obìnrin, ọdún 23, dúdú”, wọ́n á ní ìyáńlá àwọn rèé. Má ṣe bẹ́ẹ̀! Obìnrin ọlọ́dún 23 kò mọ ní ẹyọ kan ládùúgbò. Ìwé ogún olówó ẹrú náà ni kí o wá. Bí ó bá kú, wọ́n máa ń ṣírò àwọn èèyàn mọ́ màlúù àti àga, pẹ̀lú iye tí wọ́n dá lé ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n orúkọ wọn máa ń wà níbẹ̀. Kíkà rẹ̀ máa ń dunni wọra. Kà á tán síbẹ̀. Nígbà míì, ìyá àti ọmọ á tẹ̀ lé ara wọn.

Má sì rò pé orúkọ ìdílé tí babańlá rẹ ń jẹ́ ni orúkọ ẹni tó rà á. Wo Kossola, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó gba Ouidah sínú ọkọ̀ Clotilda lọ sí Mobile, ní Alabama, ní 1860, bẹ́ẹ̀ òfin ti ka kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà léèwọ̀ láti 1808. James Meaher ló sìn, ṣùgbọ́n Cudjo Lewis ló ń jẹ́ títí ó fi kú ní 1935. Ẹni tó bá ń wá a lọ́dọ̀ olówó ẹrú kan tó ń jẹ́ Lewis kò ní í rí i láé.

Má wá baba nìkan. Báńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tó gba òmìnira, láti 1865 sí 1874, máa ń bi oníbàárà léèrè òbí, ọkọ tàbí aya, ọmọ àti ẹ̀gbọ́n òun àbúrò. Ìwé àbúrò babańlá rẹ lè jẹ́ kí o mọ orúkọ ìyá wọn.

Àyẹ̀wò DNA, tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó bá ẹni tan, kì í dárúkọ ìlú tàbí agboolé. Ìkìlọ̀ yìí kan àwa tá a wà nílé náà: bí ará Amẹ́ríkà kan bá kọ̀wé pé ẹ bára tan, má yára fi oríkì ilé yín jíṣẹ́ fún un. Kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ẹni tí ogun kó nílé yín tí kò padà wá mọ́.