Bí mo ṣe ṣọ́ Paramecium níbi tó ti ń jẹun

Ẹ̀kúnwọ́ koríko gbígbẹ kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kó o sínú ìgò omi adágún, mo ju hóró ìrẹsì mẹ́ta sí i, mo sì gbé e sí kọ̀rọ̀ tí oòrùn ò ti lè ta á. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ìyá mi ní àwọn ń gbọ́ òórùn òkú eku nínú ilé. Mo bẹ̀ wọ́n. Bakitéríà ló ń rùn bẹ́ẹ̀, bakitéríà yìí sì ni oúnjẹ ẹran-ọ̀sìn mi, Paramecium, ohun abẹ̀mí tín-ín-tín inú omi.

Ọjọ́ kẹwàá ni mo tó fi máíkrósíkóòpù wo ẹ̀kán omi kan. Paramecium kún un! Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò gùn ju nǹkan bí 0.3 mílímítà lọ, ó rí bí àtẹ́lẹ̀ bàtà. Àmọ́ eré tí wọ́n ń sá! Fọ́nrán òwú díẹ̀ tí mo fi sínú omi náà ló bá mi ṣe ọgbà yí wọn ká.

Kí n lè rí oúnjẹ tí wọ́n ń gbé mì, mo wá se yíìsì búrẹ́dì pọ̀ mọ́ aró pupa tí wọ́n ń pè ní Congo red. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ṣe àṣejù: gbogbo ojú síláìdì pọ́n bí epo, n ò rí nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kejì, ìwọ̀nba tó lẹ̀ mọ́ ṣóńṣó igi ìtayín ni mo fi sí i.

Ibẹ̀ ló ti dùn. Kòtò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara Paramecium tí irun wẹ́wẹ́ tò sí. Irun wọ̀nyí ń gbọ̀n, wọ́n ń gbá omi wọlé, yíìsì pupa sì ń bá omi lọ. Ní ìsàlẹ̀ kòtò náà ni yíìsì ń kóra jọ sí. Ibẹ̀ ń wú, ó ń wú, àfi gbọ̀ọ́, ó já bọ́ sínú ara bí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Òmíràn tún bẹ̀rẹ̀. Kò ní eyín, kò ní ikùn. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn gan-an ni ikùn.

Mo mú ojú mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti ṣú bí aró àdìrẹ. Tí ásíìdì bá mú Congo red wálẹ̀ dé pH 3 (pH ni òṣùwọ̀n ásíìdì; bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe le tó), ó máa ń di búlúù. Ásíìdì yìí ló ń pa ohun tó gbé mì, lẹ́yìn náà ni èròjà tí ń da oúnjẹ wọ ibẹ̀. Nígbà tó yá, ásíìdì dínkù, ìlẹ̀kẹ̀ náà tún pọ́n, ó sì ń yí kiri inú ara ní gbogbo àkókò yìí. Èyí tí kò dà, ihò kékeré kan lápá ẹ̀yìn ló gbà jáde. Ìgbẹ́ ni, kí n má parọ́.

Mo pe ìyá mi wá wò ó. Wọ́n dijú kan, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Èyí ti jẹun. Ìwọ ńkọ́, láti àárọ̀?”