Bí mo ṣe ń yan odidi ẹja nínú oven, tí kì í gbẹ, tí kì í lẹ̀ mọ́ fóìlì

Ọ̀pọ̀ wa la ní oven lábẹ́ sítóòfù gáàsì, ṣùgbọ́n ìkòkò àti páànù là ń kó síbẹ̀. Èmi náà kó tèmi síbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́rin, àfìgbà tí mo kó gbogbo ẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan, mo nu inú ẹ̀ dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹja níbẹ̀, àtìgbà yẹn ni mi ò ti fi bẹ́ẹ̀ din croaker nínú òróró mọ́. Awọ ẹ̀ á pọ́n, inú ẹ̀ á rọ̀, omi á ṣì wà lára ẹ̀, ilé á sì máa ta sánsán.

Ọ̀rọ̀ omi yẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú o. Omi tó wà níta ara ẹja la ò fẹ́, èyí tó wà nínú ẹ̀ la fẹ́ kó dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo yan ẹja, àlejò ló ń bọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ Sunday, mo fọ ẹja, omi ṣì ń kán tó tó tó lára ẹ̀ tí mo fi da ata tútù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ lé e lórí, mo wá fi fóìlì wé e pinpin. Nígbà tí mo tú u, sísè ló sè, kò yan rárá. Bí mo ṣe ń ṣí fóìlì ni awọ ń bá a lọ, ó wá ku ẹja funfun báláú tó dùbúlẹ̀ sínú omi ata. Ó dùn mí wọra, torí ẹja yẹn kì í ṣe owó kékeré.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Croaker tó tó kílò kan ni mo fẹ́ràn jù torí ó lára dáadáa, egungun wẹ́wẹ́ ò pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹpìyà náà dáa, tẹ́ ẹ bá sì lè dé ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ẹ máa rí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú odò jáde. Ẹ wo ẹyinjú ẹ̀, kó mọ́ kedere, kó má jìn wọnú. Ẹ ṣí etí ẹ̀, kí nǹkan tó wà lábẹ́ ẹ̀ pupa. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, tí ojú ibẹ̀ ò bá padà bọ̀ sípò, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Kẹ́ ẹ sì tètè sọ fún ìyá ẹlẹ́ja pé odidi lẹ fẹ́, torí kẹ́ ẹ tó bojú wẹ̀yìn wọ́n ti gé e sí mẹ́rin. Kí wọ́n kàn bá yín họ ìpẹ́ ẹ̀, kí wọ́n la ikùn ẹ̀, kí wọ́n rọra fa ìfun jáde, torí tí òróòro bá fọ́ sínú ẹ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ fọ̀ ọ́ tí ìkorò yẹn máa kúrò tán. Tó bá jẹ́ èyí tó ti dì látinú fíríṣà ni, inú fíríìjì ni kẹ́ ẹ gbé e sí di ọjọ́ kejì kó yọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi gbígbóná sí i, ara ẹ̀ níta á ti máa jinná nígbà tí inú ṣì dì bí òkúta.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ wo inú ikùn ẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ máa rí ẹ̀jẹ̀ dúdú tó lẹ̀ mọ́ egungun ẹ̀yìn, ẹ fi ṣíbí họ ọ́ kúrò, òun ló sábà ń fa òórùn tí àwọn èèyàn ò fẹ́. Ẹ yọ nǹkan pupa abẹ́ etí yẹn náà dànù. Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, ẹ gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ojú mẹ́ta, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ọ̀bẹ kan egungun. Ẹ wá fi iyọ̀ pa á lára, inú, ìta, àti ojú tẹ́ ẹ gé, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iyọ̀ yẹn á fa omi jáde, ẹ máa rí i bó ṣe ń sun lára ẹ̀. Ẹ fi tíṣù tàbí aṣọ tó mọ́ nù ún, ẹ tún un nù, títí tí ọwọ́ yín ò fi ní yọ̀ mọ́ tẹ́ ẹ bá fi kan awọ ẹ̀. Ibí yìí làwọn èèyàn máa ń kánjú jù, ibí yìí gan-an sì ni gbogbo ẹ̀ wà.

Ata ńkọ́? Fún kílò kan, ata rodo mẹ́ta, tàtàṣé ńlá kan, alùbọ́sà kékeré kan, ááyù ẹyọ mẹ́rin, atalẹ̀ tó tó ìka àtàǹpàkò. Ẹ lọ̀ ọ́ láìfi omi sí i, tàbí kẹ́ ẹ gún un. Ẹ má wá gbé e ní tútù sára ẹja bí mo ṣe ṣe níjọ́sí o! Ẹ da òróró ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sínú páànù, ẹ din ata yẹn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá títí omi ẹ̀ á fi gbẹ tí òróró á léfòó, kẹ́ ẹ tó fi mággì méjì, kọ́rì díẹ̀ àti táìmù sí i. Iyọ̀ ti wà lára ẹja, ẹ má bù ú kún un mọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ wá kì í sójú tẹ́ ẹ gé yẹn dáadáa, ẹ fi ẹfínrín àti alùbọ́sà kún ikùn ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ata díẹ̀ kù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ti ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ fi dúró di ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun. Tẹ́ ẹ bá fi rẹ ẹja fún wákàtí kan kẹ́ ẹ tó yan án, ara ẹ̀ á ti funfun, á sì le ṣáká lẹ́nu.

Kẹ́ ẹ tó kọjú sí ata ni kẹ́ ẹ ti tan oven. Digírí 200 ni mò ń sọ, ṣùgbọ́n nọ́mbà ara oven tèmi ti pa rẹ́ tipẹ́, nítorí náà mo máa ń ṣí iná ẹ̀ dé òpin fún ogún ìṣẹ́jú, màá wá dín in kù díẹ̀ tí ẹja bá wọlé. Ìsàlẹ̀ ni iná wà nínú ọ̀pọ̀ oven onígáàsì, abẹ́ ẹja ló máa ń kọ́kọ́ jóná, torí náà ẹ gbé tíréè sí àárín tàbí kó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ tẹ́ fóìlì sínú tíréè, ẹ fi òróró pa á, ẹ gé alùbọ́sà ní roboto nípọn-nípọn tẹ́ sórí ẹ̀, ẹ wá gbé ẹja lé alùbọ́sà yẹn. Awọ ẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ kan fóìlì, kò ní lè lẹ̀. Ẹ fi òróró pa òkè ẹ̀ náà, ẹ fi fóìlì kékeré wé ìrù ẹ̀ nìkan torí ibẹ̀ tín-ín-rín. Ìyókù, ẹ má bò ó.

Ẹ má yí i padà o, á fọ́. Tó bá di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fa tíréè jáde, ẹ fi ata tó kù kùn ún, ẹ tètè tì í padà kí ooru má bàa sá lọ. Tó bá jẹ́ oven oníná lẹ ní tí wọ́n wá mú iná lọ, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ rárá, ooru inú ẹ̀ á ṣì máa bá iṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀.

Croaker kílò kan á gbà tó ìṣẹ́jú 25 sí 30. Ẹpìyà ìlàjì kílò ò ní ju 20 lọ. Ṣùgbọ́n aago nìkan ò tó, ẹja gan-an ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ di lẹbẹ ẹ̀yìn ẹ̀ mú, ẹ fà á, tó bá ń jà pẹ̀lú yín kò tíì jinná, tó bá rọra tẹ̀ lé ọwọ́ yín jáde ó ti tó. Ẹ tún fi fọ́ọ̀kì ṣí ibi tó nípọn jù lẹ́yìn orí ẹ̀. Ẹja tútù máa ń dán bíi gíláàsì nínú, tó bá ti jinná á funfun, á sì ṣí kúrò lára egungun ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, omi ẹ̀ á ṣì máa dán lórí ẹ̀. Ẹ gbé e jáde nígbà yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ẹ̀ ló ń sọ ọ́ di òwú lẹ́nu. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru ẹran, digírí 63 ló ń wá.

Ẹja àrọ̀ lẹ ní? Ẹ fi iyọ̀ púpọ̀ fọ gbogbo yíyọ̀ ara ẹ̀ kúrò, ẹ ká a, kẹ́ ẹ ki ìrù ẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ fi igi ìtayín há a. Ẹja tútù là ń ká, tó bá ti wọ oven kò ṣeé ká mọ́. Ọ̀rá pọ̀ lára ẹ̀, ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 40, kò sì tètè gbẹ bíi croaker.

Tó bá jáde, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má dé e, ooru abẹ́ ìdérí á tún mú kí awọ tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ fún rọ̀. Ẹ wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Alùbọ́sà abẹ́ ẹ̀ á ti rọ̀, á ti mu òróró àti ata tó ro sílẹ̀, ẹ má dà á nù o, ẹ kó o lé dòdò tàbí iṣu sísè lórí, nílé wa òun làwọn ọmọ máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí.