Ọjọ́ mẹ́tàlélógún tí mo fi ń bẹ onílé kó gba owó lọ́wọ́ mi

₦450,000 ni mo yọ lápò ara mi lórí ọ̀rọ̀ ìyá aláró kan tí àwọn èèyàn ò ra aṣọ wọn mọ́ nítorí òrìṣà tí wọ́n ń bọ. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ má retí ohùn pẹ̀lẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo, onígbàgbọ́ ni mí, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aláró. Olórìṣà ni Màmá, Ọ̀ṣun ni wọ́n ń bọ, wọn ò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tó bá wọ ilé aró wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun á rí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn wọn, á sì gbọ́ "Oore Yèyé o" kí wọ́n tó ṣí ìkòkò. Nígbà tí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ń wá aṣọ àjọ̀dún, èmi ni mo mú wọn lọ bá Màmá. Ọgọ́ta ẹyọ ni wọ́n fẹ́, oníyáàdì márùn-ún, ₦15,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n san ìdajì sílẹ̀.

Aṣọ ti jáde nínú aró nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun dé lóṣù kẹjọ. Ẹnìkan ya fọ́tò Màmá létí odò, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fọ́tò náà ti wọ gbogbo gúrúùpù WhatsApp, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé aṣọ tí wọ́n pe òrìṣà lé lórí kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Ẹgbẹ́ obìnrin ní àwọn ò ṣe mọ́, kí a dá owó àwọn padà. Àwọn oníbàárà yòókù ò tilẹ̀ sọ nǹkan kan, wọn ò kàn wá mọ́.

Òṣogbo la wà o! Ìlú aró! Ìtàn bí a ṣe tẹ ìlú yìí dó gan-an, ìkòkò aró wà nínú rẹ̀: igi tí Olútìmẹ́hìn ọdẹ àti àwọn èèyàn rẹ̀ gé ló wó sínú odò, tí ohùn Ọ̀ṣun fi jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọmọdé mọ ìtàn yìí. Léèsì tí wọ́n ń kó wá láti Austria tí a ń wọ̀ lọ síbi ìyàwó, ta ló béèrè ẹ̀sìn ẹni tó ṣe é rí?

Èmi náà ṣe àṣìṣe kan tó ṣì ń dùn mí. Níbi tí mo ti ń gbèjà Màmá nínú gúrúùpù, mo kọ ọ́ pé wọn kì í ṣe abọ̀rìṣà, pé àṣà lásán ni wọ́n lọ wò lódò. Ọmọ wọn kà á fún wọn. Màmá pè mí lórí fóònù, wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ìyá Tóbi, ṣé mo rán ọ pé kí o bá mi sẹ́ ìyá mi ni?" N kò rí èsì fọ̀. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo tún kọ òmíràn: "Olórìṣà ni Màmá. Aró wọn kì í ṣí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fi rán aṣọ yín." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ bí a ṣe ń ran èèyàn lọ́wọ́ láìkọ́kọ́ fi nǹkan bo ojú rẹ̀.

Owó tí ẹgbẹ́ san ti di aṣọ funfun, ẹ̀lú àti sódà. Màmá ní àwọn á ta ìkòkò méjì. Mo ní kò ṣeé gbọ́, èmi ni mo mú wọn wá, èmi ni n ó dá a padà. Bí ₦450,000 ṣe lọ nìyẹn.

Mo rò pé ibi tó le jù nìyẹn. Àṣé onílé wà níwájú.

Owó ṣọ́ọ̀bù tí Màmá ti ń tajà lójú títì parí lópin oṣù kẹjọ, ₦200,000 lọ́dún. Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹsàn-án a kó owó náà lọ bá bàbá onílé. Wọ́n ní àwọn ń sinmi, kí a padà wá lọ́la. Nígbà tí a dé lọ́jọ́ kejì, ìyàwó wọn ní wọ́n ti lọ sí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kẹta a bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n wo owó náà, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ará àdúgbò ń sọ̀rọ̀, àwọn ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ilé àwọn ni wọ́n ti ń bọ òrìṣà. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀." Wọ́n ní ó dáa, kí Màmá lọ gba lẹ́tà wá lọ́wọ́ pásítọ̀ tàbí lèmọ́ọ̀mù kan tó máa dúró fún wọn. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn fún ọdún mọ́kànlá láìjẹ onílé ní kọ́bọ̀!

Mo fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo tún fi ránṣẹ́, ó tún padà wá. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó bá mi lọ, wọ́n fún un ní omi mu, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù gba ọ̀rọ̀ ilé mọ́ ọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé jáde. Aṣọ àwọn èèyàn wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mi ò rí i rán. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, a débẹ̀, a rí i pé wọ́n ti so àgádágodo mìíràn mọ́ ilẹ̀kùn Màmá. Ọgọ́tọ̀ọ̀ta aṣọ náà wà nínú ilé.

Onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló tú àṣírí fún wa: ẹnìkan ti fẹ́ san ₦350,000 fún ṣọ́ọ̀bù náà. Gbogbo ariwo òrìṣà yẹn, owó ló wà nídìí rẹ̀.

Lọ́yà kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Mo ti ń fi Abala 38 nínú òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 halẹ̀, èyí tó fún oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀sìn rẹ̀. Ó ní kí n fara balẹ̀. Ó ní òótọ́ ni abala yẹn, òótọ́ sì ni Abala 42 tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀, ṣùgbọ́n òfin àti ìṣe ìjọba ni 42 dojú kọ, tí a bá gbé e ko onílé lójú, ẹjọ́ á pẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé ló máa mú wọn kíákíá. Ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà ni ìwé ìkìlọ̀ tirẹ̀, àyàfi tí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn, ilé ẹjọ́ ló sì lè lé e jáde tí kò bá lọ. Onílé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ẹrù èèyàn mọ́lé. Ó kọ lẹ́tà olójú ìwé kan, ó so ẹ̀rí owó méjèèjì tí mo fi ránṣẹ́ mọ́ ọn. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn lẹ́tà náà, àgádágodo ti kúrò. Lọ́jọ́ kẹtàlélógún, bàbá gba owó. Ẹ̀bẹ̀ kankan ò jáde lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ rìsíìtì, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta níwájú wọn. Orí mi wú lọ́jọ́ náà!

Títa aṣọ ò le tó bẹ́ẹ̀. Mo rán méjìlélógún sí ṣẹ́ẹ̀tì àti báàgì. Obìnrin kan láti Bàhíà, tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun tí kò tíì padà sí Brazil, ra mẹ́rìnlá fún ilé Yemọja wọn, nítorí búlúù àti funfun ni wọ́n ń wọ̀ fún Yemọja lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tíṣà ra mọ́kànlá, akọrin ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́rin ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tó kù fún Màmá ni mo kọ́kọ́ san pé, èyí tó ṣẹ́kù ni mo mú. Ó ku ẹyọ mẹ́sàn-án, ìyẹn ₦135,000 tèmi.

Ká ní mo mọ̀ ni, a ò bá ti kọ ọ́ sórí rìsíìtì láti ìbẹ̀rẹ̀ pé owó ìdajì kì í padà tí aṣọ bá ti wọ aró. Mi ò bá ti san owó ṣọ́ọ̀bù kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé. Òru mẹ́rin tí mo sì fi jiyàn nínú gúrúùpù, ẹ̀rọ ìránṣọ ni mi ò bá jókòó tì, torí ẹnikẹ́ni tó ra aṣọ nígbẹ̀yìn, kò sí èyí tó jẹ́ pé àríyànjiyàn mi ló yí i lọ́kàn padà. Wọ́n fọwọ́ kan aṣọ, wọ́n rí iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa yẹn wá bá mi lálẹ́. Ó ní kí n fi ẹyọ kan sínú ọ̀rá dúdú fún òun, kí n má sọ fẹ́nì kankan. Mo ní aṣọ wà, ṣùgbọ́n kó lọ rà á lọ́wọ́ Màmá lọ́sàn-án gangan, kó sì kí wọn. Kò tíì lọ. Mo ti kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán padà sí ṣọ́ọ̀bù lójú títì, a kó wọn kọ́ síwájú ilẹ̀kùn, níbi tí ẹni tó bá ń kọjá á ti rí wọn.