Bí a ṣe ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ kókó iṣan ìgbọ́ràn

Bí ó bá jẹ́ pé etí kan ṣoṣo ni ẹ fi ń gbọ́ fóònù dáadáa, tí ìkejì sì ń hó ṣáá, ẹ má jókòó ti ẹni tí ń kán epo sí etí. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbọ́ràn, kí dókítà lè pinnu bóyá àwòrán inú orí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ MRI yà tọ́ sí yín, nítorí inú àwòrán náà ni wọ́n ti ń rí kókó tí ó hù lára iṣan ọpọlọ kẹjọ, èyí tí a fi ń gbọ́ràn tí a sì fi ń dúró láì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í dàgbà ju mílímítà 1 sí 2 lọ lọ́dún. Wọ́n lè máa ṣọ́ èyí tí ó kéré, tàbí kí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀. Èyí tí ó ti ń ti ìdí ọpọlọ ni ó ń fẹ́ abẹ.

Ní Ìbàdàn, ẹ gba lẹ́tà láti ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní 1962.

Ọ̀rọ̀ iṣan keje ni kí ẹ fi ara balẹ̀ bi oníṣẹ́ abẹ. Òun ni ó ń darí ojú, ó sì sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ sára kókó náà. Lábẹ́ awò amóhun-tóbi, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí agbárí lẹ́yìn etí, wọn yóò kọ́kọ́ họ inú kókó náà bí ẹni ń họ inú akèrègbè, kí wọ́n tó rọra bó èèpo rẹ̀ kúrò lára iṣan. Bí èèpo náà bá lẹ̀ jù, wọ́n lè fi díẹ̀ sílẹ̀. Ní tèmi, ìyẹn sàn ju kí ẹnu wọ́ lọ. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ iṣan ojú wà, àti iye irú iṣẹ́ abẹ yìí tí wọ́n ti ṣe. (Àwọn ẹbí kan máa ń ka èyí sí àfojúdi, kò rí bẹ́ẹ̀.) Ẹ má retí pé etí tí ó ti di yóò là.

Ẹ ka gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún wọn, títí kan aspirin àti àgbo, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn abẹ, bí omi mímọ́ bá ń jáde nímú tàbí lójú ọgbẹ́, tàbí tí ibà àti ọrùn gígan bá dé, ẹ padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ìpéǹpéjú kò bá pàdé, oògùn ojú ni lọ́sàn-án, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ pa lálẹ́. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó dì yín mú, nítorí òòyì ṣì máa wà. Ẹ má gun ọ̀kadà títí dókítà yóò fi gbà á láàyè.