Bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ariwo márosẹ̀ àti ti ilé tí ìjọba ìpínlẹ̀ yóò fi dáhùn

Ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀ àti ẹ̀yin alága àdúgbò tó wà lẹ́bàá márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tàbí ti Ṣágámù sí Bìní, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé káńsù níhìn-ín ní Rẹ́mọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Lẹ́tà tó gba orí tábìlì mi kọjá kò lóǹkà, ohùn kan náà sì ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ: "Ẹ gbà wá o, a ò rí oorun sùn, ilé wa sì ń wó lọ." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àmọ́ ẹjọ́ méjì ni wọ́n dì pọ̀ sójú ìwé kan, ẹni tó gbà á kò sì ní mọ èwo ni tirẹ̀ níbẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ ló ni márosẹ̀ méjèèjì, ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ló sì fi í sọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá ní kí gómìnà wá mọ ògiri sétí títì, èsì tí ẹ máa gbà ni pé títì náà kì í ṣe tàwọn. Ti ilé kíkọ́ àti ètò ìlú yàtọ̀: ti ìpínlẹ̀ ni, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 2003 nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó pè. Gáréèjì ọkọ̀ àti nọ́ńbà ara ilé sì wà lára iṣẹ́ tí òfin 1999 yẹn kà sílẹ̀ fún káńsù. Torí náà, lẹ́tà méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀kan fún ariwo.

Lẹ́tà ilé ló le jù. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ pe awọnlẹ̀. Mítà 45.72 láti àárín títì, lọ́tùn-ún lósì, ni ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún márosẹ̀. Ilé tó bá wọ inú ààlà yẹn, ẹ kọ orúkọ wọn sí ìwé mìíràn. Ó máa ń dùn mí, torí opó àti àgbàlagbà ló pọ̀ nínú àwọn tó nilé níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tiwọn náà sì tọ́ sí wọn. Àmọ́ tí ẹ bá kó wọn mọ́ àwọn yòókù, ọ̀rọ̀ wọn ni òṣìṣẹ́ á dì mú, á sì fi da gbogbo lẹ́tà nù.

Ẹ tún wá ilé tó ti wà kí títì tó dé. 1978 ni wọ́n ṣí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ wá ìwé ilẹ̀ àtijọ́ àti rìsíìtì owó ilé. Bí ìwé bá ti sọnù, ẹ wo iwájú ilé: ibẹ̀ ni àwọn bàbá wa máa ń sin òkú sí. Sàréè tí wọ́n kọ 1969 sí lórí sìmẹ́ǹtì ń jẹ́rìí pé ilé ti wà níbẹ̀ ṣáájú títì. Ẹ yà á ní fọ́tò, kí ọdún náà hàn kedere, kí ògiri ilé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Irú onílé bẹ́ẹ̀ lẹ lè fi Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 bèèrè owó gbà-má-bìínú fún, bí ìjọba bá fẹ́ gba ibẹ̀.

Ó wá ku ti ariwo. Òfin ariwo tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká, ń lò láti 2009 fi dẹ́síbẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) 50 sí àdúgbò ilé gbígbé lọ́sàn-án, 35 lóru, láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Ẹ fi áàpù tó ń wọn ariwo lórí fóònù kan ṣoṣo wọ̀n ọ́n níta fèrèsé yàrá. Ẹ kọ aago àti iye, kí ẹ sì kọ ohun tó pariwo. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Lóru kan tí mo bá àwọn ará ilé kan jókòó lápá Ògèrè, ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń jí àwọn ọmọ. Tírélà tó ti já ẹrù ni. Yóò já sí kòtò, kọ̀nténà á fò sókè, á balẹ̀ sórí irin, gbàù! Ṣéènì á wá tẹ̀ lé e, wọ̀ràwọ̀rà. Kòtò dídí kò wọ́nwó bíi ti ògiri. Òun ni kí ẹ ní kí gómìnà bá yín kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ òde ti ìjọba àpapọ̀ lé lórí, kí ó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀.

Tánkà tó ń fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ láìpa ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ gáréèjì ni. Ẹ mú ilẹ̀ tó jìnnà sílé wá láti káńsù, kí ẹ tó ní kí ìpínlẹ̀ ràn yín lọ́wọ́. Ẹ sì bèèrè pé kí àjọ àyíká ìpínlẹ̀, OGEPA, gbé ẹ̀rọ tiwọn wá wọ̀n ọ́n, torí wọ́n lè jiyàn fóònù yín. Igi? Ẹ gbìn ín fún ibòji. Ìlà igi kan kò lè dá ariwo tírélà dúró.

Ẹ fún aṣòfin yín àti Kábíyèsí ní ẹ̀dà. Ní Òkè-Mosàn, níbi ọ́fíìsì gómìnà ní Abẹ́òkúta, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín, tí wọ́n sì kọ nọ́ńbà fáìlì sí i. Fún ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì tí ẹ bá bèèrè ìwé nípa títì náà. Bí ọjọ́ bá pé tí ẹ ò gbúròó, ẹ padà lọ, ẹ má tún ìtàn sọ. Nọ́ńbà fáìlì yẹn ni kí ẹ dárúkọ, kí ẹ sì bèèrè orí tábìlì ẹni tó wà.